Ọ̀kàndínlọ́gọ́rùn-ún

Láníhùn tún kan ilẹ̀kùn mi lálẹ́ àná,
òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹrẹ̀ Òkè-Lẹ́rìn kún bàtà rẹ̀.
"Tíṣà, ẹ dákun, ẹ bá mi tún un ṣírò."
Mo fa kàlẹ́ńdà èṣí yọ lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù,
mo dojú àwòrán àwọn díákónì délẹ̀,
mo fi abẹ gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsùlù.

Ẹgbẹ̀rún aṣojú ni ẹgbẹ́ ń bèèrè
lọ́wọ́ ẹni tí yóò du ipò ààrẹ lórúkọ wọn.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ni Olúgbèjà rí kó jọ
láti ìgbà ọyẹ́, ìpínlẹ̀ kan tẹ̀ lé èkejì.
Ará Bauchi tí wọ́n jọ ń du ú, méjìlá péré ló ń wá.
Ìpínlẹ̀ tó kù kò ju ẹyọ kan lọ, tiwa ni:
ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n,
aṣojú mẹ́ta-mẹ́ta.

"Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lọ́nà mẹ́ta, mélòó ni, Láníhùn?"
Ó wo àjà.
Bó ṣe máa ń wo àjà nìyẹn ní Práímárì Kẹrin,
ọdún tí ìjì ṣí òrùlé kíláàsì wa,
tí kò sí àjà kankan tó lè wò, tó ń wo ọ̀run.
"Ọ̀kàndínlọ́gọ́rùn-ún, sà."
Ó gbà á. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí yóò gba tábìlì mẹ́ta,
n kò sì rí ẹnu yìn ín.

Ó ní, "Tí a bá kó gbogbo wọn ńkọ́?"
Mo ní kó o. Kó Ìbàràpá, kó Ṣakí, kó Kìṣí,
kí àwọn ará Ìbàdàn dìbò bí ọmọ ìyá kan,
kí aṣojú Oríire tó ń ṣàìsàn
gun bẹ́ẹ̀dì ọsibítù wá sí gbọ̀ngàn,
ẹnì kan ṣì dín.

Àwọn tó sọ òǹkà wa lórúkọ, mo rò pé wọ́n ti rí wa tẹ́lẹ̀.
Ẹni tó bá kù díẹ̀ kó pé,
orúkọ ohun tí kò tíì dé ni wọ́n fi ń pè é.
Ẹ pe ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún, ẹ óò gbọ́ ẹgbẹ̀rún níbẹ̀,
ẹ wá a nínú àpò, ẹ ò ní bá a.
Ọgọ́rùn-ún wà lẹ́nu Láníhùn, ó ń dán bí owó tuntun.
"Ọ̀kàn-dín" tó ṣíwájú rẹ̀,
ó gbé e mì bí ẹni gbé eegun ẹja.

Ó ti ta Máruwá rẹ̀, mo mọ̀,
ó fi tẹ pósítà tí òjò ń ya lára ògiri Sábó.
Wọ́n ṣèlérí tábìlì kan fún un ní Àbújá,
tábìlì lásán, wọn ò tíì dárúkọ iṣẹ́.
Òun fúnra rẹ̀ wà lára ọ̀kàndínlọ́gọ́rùn-ún náà.
Ó ka ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo rí ìka rẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Máńgòrò kan já lẹ́yìnkùlé, gbì!
Àwa méjèèjì dákẹ́.
"Tíṣà," ó ní, "ẹ ò gbọ́? Ọ̀kan tó kù nìyẹn."
Ó rẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín.
Mo lọ bu omi fún un nínú ìkòkò,
nígbà tí mo dé, ó ti ń wọ bàtà.

Láàárọ̀ yìí ni mo tó rí i
lẹ́yìn kàlẹ́ńdà, lábẹ́ ìṣirò mi,
igi kan péré, tó wọ́,
tí kì í ṣe ọwọ́ mi ló fà á.
Láyé ijọ́un, pàṣán mẹ́fà ni irú igi bẹ́ẹ̀.
Mo mú rọ́bà ìpawé,
mo wò ó títí,
mo gbé rọ́bà padà sínú agolo.